Ẹnìkẹtàdínlógún: Ọ̀ṣẹ́túrá àti Owó-Orí Àwọn Obìnrin Ẹgbá

Nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, odù Ifá kan, Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá tún ilé ayé ṣe. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin àárín wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Ọ̀pá, wọ́n pín iṣẹ́, wọ́n pín oyè, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń gbìmọ̀. Wọn kò pe Ọ̀ṣun sí i. Ifá kò sọ pé wọ́n nà án, kò sọ pé wọ́n lé e jáde nílùú. Wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ ni. Ọ̀ṣun náà kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó mú òòyà rẹ̀, ó ń ya irun rẹ̀, ó ń wò wọ́n níran.

Ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé kò yọrí mọ́. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Aláìsàn mu àgbo, kò san. Àgàn kò bímọ. Wọ́n rúbọ, ẹbọ kò fín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú wọn, wọ́n padà lọ bá Olódùmarè pé iṣẹ́ tí Ó rán àwọn kò ṣeé jẹ́. Olódùmarè kò bi wọ́n léèrè irú ẹran tí wọ́n fi rúbọ, kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n jẹ èèwọ̀ kan. Iye wọn ni Ó béèrè. Mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ? Mélòó ló wá ń jókòó nígbìmọ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wọn.

Mi ò lè gbọ́ ìtàn yìí kí ọkàn mi má lọ sí Abẹ́òkúta, láàárín ọdún 1918 sí 1949. Ẹni tó mọ bí Ifá ṣe ń sọ̀rọ̀ mọ̀ pé ìtàn ẹni tó ti dáfá rí ni babaláwo fi ń wo ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ lónìí. Kò sí Aláké tí í ṣe ọba Ẹgbá, kò sí gómìnà nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣẹ́ kàn, tí ìgbìmọ̀ kò kàn, wà níbẹ̀ kedere. Ìjà tí àwọn obìnrin Ẹgbá bá ìjọba jà lórí owó-orí, ìjà àga nígbìmọ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nítorí pé ìjà àga ni, kò lè parí sí ààfin Aláké. Ó di dandan kó dé Lọ́ńdọ̀n.

Kí òyìnbó tó gba ìlú, ìjọba Ẹgbá kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn Ògbóni wà, àwọn Ológun wà, àwọn Pàràkòyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò wà, Ìyálóde sì wà. Efúnróyè Tinúbú, tó di Ìyálóde gbogbo Ẹgbá ní 1864, kì í ṣe olóyè ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ló pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun nígbà tí Dàhọ̀mì gbógun dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń wúwo nígbà tí wọ́n bá ń yan ọba. (Ó ṣòwò ẹrú pẹ̀lú. A kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀.) Ní 1893, àwọn Ẹgbá bá Gómìnà Carter tọwọ́ bọ ìwé, Ìlú Ọba sì gbà pé olómìnira ni wọ́n. Ní 1898 wọ́n dá ìjọba tí wọ́n ń pè ní Egba United Government sílẹ̀. Owó ibodè, tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù tó bá wọlé àti èyí tó bá jáde, ni wọ́n fi ń ṣe ìjọba náà. Ọdún 1914 ni gbogbo rẹ̀ dópin. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìjẹmọ̀, àwọn ṣọ́jà yìnbọn fún ará ìlú, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kò sì pẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Lugard gba òmìnira Ẹgbá pátápátá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1918, wọ́n fagi lé owó ibodè, wọ́n sì fi owó-orí rọ́pò rẹ̀. Ní bodè, ẹrù ni wọ́n ń wò. Ẹni tí kò bá gbé nǹkan kọjá kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lábẹ́ ètò tuntun yìí, pé ènìyàn wà láàyè ti tó kí ó jẹ gbèsè. Tí a bá fi iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi ipá mú ènìyàn ṣe láìgbowó kún un, kò yani lẹ́nu pé ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn Ẹgbá dìde. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n ba ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Wásinmi jẹ́, wọ́n sì pa Òṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Ogun Àdùbí ni a ń pè é. Ìjọba kó àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé wá bá wọn, nígbà tí yóò sì fi di àárín oṣù Keje, wọ́n ti tẹ ìlú rì, òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Owó-orí kò lọ síbì kan.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà nígbà náà, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìbáà wà nílé ọkọ. Láti ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin ti ń san, ọmọkùnrin láti 16. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà? Àwọn agbowó-orí a já wọ inú ilé, wọ́n a sì bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tí ń san. Mi ò mọ ohun tó lè tàbùkù ìlú ju èyí lọ, ọmọ ìlú ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Nígbìmọ̀ ńkọ́? Agbára tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín tẹ́lẹ̀, òfin Gẹ̀ẹ́sì kó o lé Aláké nìkan lọ́wọ́. Sole Native Authority ni wọ́n pè é, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń darí ọ̀rọ̀. Ìyálóde kò ní àga mọ́. Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, tó gorí ìtẹ́ ní 1920, di ìkà. Ó jẹ nínú ètò yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn mẹ́rìndínlógún inú Ọ̀ṣẹ́túrá náà kì í ṣe ìkà. Òrìṣà tí à ń bọ ni wọ́n. Wọ́n kàn rò pé ìlú lè gún láìsí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àwọn aláṣẹ Abẹ́òkúta sì fi ọgbọ̀n ọdún fá a lẹ́yìn olórí.

Ẹ wo bí a ṣe ń dáfá. Ẹni tó wá sọ́dọ̀ babaláwo yóò mú owó, yóò sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ sí owó náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, babaláwo kò ní gbọ́. Ìbò yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn yóò fi máa béèrè: ṣé ire ni, ṣé ibi ni, irú ire wo ni, kí ni kí a fi rúbọ. Tí Ifá bá yan ẹbọ, ẹni tó ń rú u mọ ìdí rẹ̀, ó mọ ohun tó kó sílẹ̀, ojú rẹ̀ ló sì ṣe nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè bẹ Ifá pé kí ó dín in kù. Àwọn baba ńlá wa ti so owó tí ènìyàn ń mú wá mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ní í sọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé owó náà gan-an ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Owó-orí Abẹ́òkúta gba owó, ó sì pa ẹnu tó yẹ kó bá owó náà sọ̀rọ̀ dé.

Kì í ṣe Abẹ́òkúta nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1929, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn obìnrin àti ohun ìní wọn ní agbègbè Aba àti Owerri, àwọn obìnrin Igbo àti Ibibio gbà pé owó-orí ló ń bọ̀. Wọ́n dìde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìbọn sì pa èyí tó lé ní àádọ́ta nínú wọn. Ní Èkó, ní oṣù Kejìlá 1940, Alimotu Pẹlẹwúrà, olórí àwọn obìnrin ọjà Ẹrẹ́kọ̀, kó àwọn obìnrin jáde nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ. Ìjọba sún un sókè sí £200. Àwọn obìnrin Èkó jẹ́ kí àwọn yòókù rí i pé ogiri náà ṣeé tì.

Ibi tí kò jọ ibi ìjà rárá ni ti Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n bí sí ìlú náà ní 1900, tó sì lọ sí Abeokuta Grammar School nígbà tí ọmọbìnrin kò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀, ní ẹgbẹ́ kan tí òun àti àwọn obìnrin alákọ̀wé ń ṣe, Abeokuta Ladies Club. Àpèjẹ, iṣẹ́ ọwọ́, ìmọ́tótó, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ní 1944, obìnrin ọjà kan ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà níwèé, àwọn olùkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń rí. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń díye lé ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì lórí àtẹ láìsan kọ́bọ̀. Ìyá Ransome-Kuti gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì náà lọ bá àwọn aláṣẹ, ó gbé e dé inú ìwé ìròyìn, wọ́n sì jáwọ́. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, ìlẹ̀kùn ṣí fún alákọ̀wé àti aláìmọ̀wé. Ìyá wa bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ìró àti bùbá ló kù tí ó ń wọ̀. Yorùbá ni ó sì ń bá àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì sọ, kí ògbufọ̀ máa wá èyí tí yóò sọ fún wọn. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ju ọ̀pọ̀ lára wọn lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí obìnrin tó ń ta elùbọ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa owó rẹ̀.

Ohun tí wọ́n béèrè fún ni kí ẹ kíyè sí. Wọ́n ní kí wọ́n yẹ ìwé ìṣirò owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Wọ́n ní kí wọ́n mú owó-orí kúrò lórí obìnrin, kí wọ́n gbé e lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èrè jáde nílùú. Wọ́n ní kí wọ́n fòpin sí ìṣàkóso ẹnì kan ṣoṣo, kí ìgbìmọ̀ tó dúró fún ará ìlú rọ́pò rẹ̀, kí obìnrin sì wà níbẹ̀. Ta ló lè fún wọn ní gbogbo èyí? Agbowó-orí ní Aláké ló rán òun. Aláké ní òfin ìjọba ni. Rẹ́sídẹ́ǹtì ní àṣẹ Èkó ni. Èkó ní Lọ́ńdọ̀n ni. Ẹni tó bá tẹ̀lé owó ọwọ́ rẹ̀ láti ọjà Abẹ́òkúta láti mọ ẹni tó pàṣẹ rẹ̀, etí òkun ni yóò bá ara rẹ̀, tí yóò máa wo òkè òkun.

Ìyá Ransome-Kuti sì lọ síbẹ̀ gan-an. Ìwé òfin tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 1947, ni wọ́n ṣe láìgba ìmọ̀ràn àwọn ọmọ Nàìjíríà: àṣìṣe àwọn mẹ́rìndínlógún náà ni, odindi orílẹ̀-èdè ni wọ́n wá fi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán aṣojú méje lọ sí Lọ́ńdọ̀n láti takò ó, Nnamdi Azikiwe ni olórí wọn. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, ará Abẹ́òkúta ni. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé obìnrin ilẹ̀ wa ní ipò àti ohun ìní kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, pé ìjọba wọn ló sọ ọ́ di aláìní. Inú bí Aláké àti àwọn èèyàn rẹ̀ sí i. Ó yẹ kó bí wọn nínú, nítorí pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ owó-orí obìnrin jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ó ti bá ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó ṣe ìjọba Nàìjíríà wọ inú ìwé kan náà.

Ní 29 àti 30 oṣù Kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 yí ààfin ká. Wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Wọ́n tún padà wá ní oṣù Kejìlá. Nígbà tí ìjọba ní wọn kò gbọdọ̀ wọ́de láìgba ìwé àṣẹ, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe fàájì ni, pé ọdún ni àwọn ń ṣe. Wọ́n kọ́ ara wọn bí wọn yóò ṣe fi aṣọ bo imú, ẹnu àti ojú tí ọlọ́pàá bá ju tajútajú, àti bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ padà sí ẹni tó jù ú. Wọlé Ṣóyinká, ọmọdé nígbà náà, tí ìyá rẹ̀ wà lára wọn, ròyìn ọjọ́ wọ̀nyẹn nínú ìwé rẹ̀, Aké.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ le, àwọn kan gbé Orò jáde kí obìnrin lè sá wọlé. Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ìyá Ransome-Kuti kọ ọ́ pé ó gba ọ̀pá Orò náà lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé e kọ́ sílé rẹ̀ kí ayé lè rí i. Èmi tí mo bọ̀wọ̀ fún ìṣẹ̀ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ni mí lára, nítorí Orò kì í ṣe ohun eré. Ṣùgbọ́n igbó Orò wà lára ohun tí àwọn mẹ́rìndínlógún kọ́kọ́ la nígbà tí wọ́n fi Ọ̀ṣun sílẹ̀, Ifá kan náà tí à ń bọ ló sì sọ pé gbogbo igbó tí wọ́n la kò ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí wọn kò pè é. Orò wà láti tún ìlú ṣe. Àwọn tó gbé e jáde láti fi gba owó-orí ló kọ́kọ́ tàbùkù rẹ̀.

Ní 1948, kì í ṣe àwọn obìnrin nìkan ló ń bínú mọ́. Àwọn ọkùnrin Ẹgbẹ́ Májẹ̀ẹ́óbàjẹ́ wọ inú ìjà náà, nígbà tó yá, àwọn Ògbóni náà kọ ẹ̀yìn sí Aláké. Ní òpin oṣù Keje, ọba fi ìlú sílẹ̀, ó gba Òṣogbo lọ. Ìlú Ọ̀ṣun ni. Ẹni tó mọ Ọ̀ṣẹ́túrá kò nílò kí n sọ jù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1949, ó yọ̀ǹda oyè. Wọ́n fagi lé owó-orí obìnrin, ìṣàkóso ẹnì kan ṣoṣo dópin, obìnrin mẹ́rin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tuntun, Ìyá Ransome-Kuti lára wọn. Ọba padà wálé ní òpin 1950, ìlú kò sì tú. Ọdún 1949 náà ni ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta gbòòrò di Nigerian Women's Union. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé Ẹgbá ni wọ́n fẹ́ ṣe é ní gbogbo orílẹ̀-èdè: ẹni tí yóò san owó gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu rẹ̀. Mi ò mọ ìtumọ̀ òmìnira mìíràn tó ju ìyẹn lọ.

Mo gbọ́dọ̀ padà sí Ọ̀ṣẹ́túrá, nítorí ìtàn náà kò parí síbi tí mo ti fi í sílẹ̀. Nígbà tí àwọn mẹ́rìndínlógún padà wá bẹ Ọ̀ṣun, inú rẹ̀ wà. Ó ní tí ọmọ inú òun bá jẹ́ ọkùnrin, kí ó máa bá wọn lọ síbi gbogbo tí wọ́n ń lọ, àlàáfíà yóò sì dé; tí ó bá jẹ́ obìnrin, kí wọ́n máa retí èyí tó burú jù. Gbogbo Irúnmọlẹ̀ ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí oyún náà. Ó bí ọkùnrin. Ọ̀ṣẹ́túrá ni ọmọ náà, òun ló sì ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run títí dòní. Kò sí babaláwo tó lè rúbọ kó má ké sí ọmọ obìnrin tí wọ́n kò pè sí ìpàdé.

Ọgbọ́n ńlá ni, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ibì kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń dùn mí. Ìyá ló jìyà, ọmọkùnrin ni wọ́n fún ní àga. Nígbà tí mo bá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1949, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Òmìnira Nàìjíríà ni ọmọ tí àwọn obìnrin ọjà wọ̀nyẹn bá wọn bí. Nígbà tó dàgbà, ó bá àwọn ọkùnrin jókòó. Ní 1959, nígbà tí ìdìbò tí yóò bí ìjọba òmìnira ń bọ̀, NCNC, ẹgbẹ́ tí Ìyá Ransome-Kuti bá lọ sí Lọ́ńdọ̀n, kò fà á kalẹ̀. Ó dá dúró, ó díje, kò wọlé, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Commoners' People's Party. Nínú ìdìbò yẹn kan náà, obìnrin Àríwá Nàìjíríà kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò rárá. Ọdún 1976 ni ẹ̀tọ́ náà tó kàn wọ́n, ọdún 16 lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sọ̀kalẹ̀.